Òru Ni Ẹ̀kọ́ Máa Ń Dínwó

Àwa tá a gbọ́n sí Agége ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, fèrè fáákítìrì la fi ń mọ aago. Bí wọ́n bá fọn ọ́n láàárọ̀, àwọn bàbá wa á gun kẹ̀kẹ́ sọdá rélùwéè, wọ́n á forí lé òpópónà Ọba Akran. Bí wọ́n bá fọn ọ́n ní aago mẹ́wàá alẹ́, oníṣíìfù ọ̀sán ń jáde, oníṣíìfù òru ń wọlé. Ìgbà yẹn gan-an ni lẹ́sìn alẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá tó kọjú sí tiwa. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aṣọ ní Ìkẹjà ló ni fìtílà, òun ló ni tábìlì, òun náà ló ni ìwé: àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí Rapid Results College fi ń ránṣẹ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù, tó ń fi owó oṣù rẹ̀ rà díẹ̀díẹ̀. GCE ló fẹ́ ṣe. Àwa ọmọ ilé náà, bá a bá fẹ́ jókòó tì í, kò ní lé wa. Kìkì pé kí kálukú mú kẹrosíìnì wá, ẹ̀kún ìgò kékeré kan lọ́sẹ̀. Bó bá ṣàlàyé nǹkan tán, á gbé fìtílà sókè díẹ̀, á wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní: "Ẹni tí kò bá yé kó yáa wí. Kẹrosíìnì ń jó."

Lónìí, ọmọbìnrin kan wà nísàlẹ̀ ilé tí mò ń gbé lọ́nà Ìjù, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó ń múra JAMB. Ìyá rẹ̀ ń ta búrẹ́dì. Aago méjìlá òru ni ọmọ yìí máa ń jí, nítorí pé láti aago méjìlá sí aago márùn-ún ni dátà òru, èyí tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Á fi fóònù rẹ̀ ti ara kọ́ọ̀pù tíì. Gíláàsì fóònù náà ti sán láti igun dé igun. Á ki wáyà bọ etí, á ṣí ìwé rẹ̀. Ọkùnrin kan tí kò rí rí láyé á wá máa fi gègé pupa kọ ìṣirò sójú fóònù. Ọkùnrin yìí, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í bínú, kì í bèèrè kẹrosíìnì. Bí ọmọ náà bá ní kó tún un sọ, á tún un sọ ní ìgbà ogún. Ṣùgbọ́n kì í wo ojú ẹnikẹ́ni.

Fèrè fáákítìrì ti dákẹ́ o. Dunlop ṣíwọ́ táyà ṣíṣe ní 2008, àwọn mìíràn ti ṣáájú, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Nínú àwọn gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ ti ń dún nígbà náà, gbohùngbohùn oníwàásù ló ń dún níbẹ̀ nísinsìnyí, tàbí ti alága ìdúró níbi ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ohun kan ò yí padà ní agbègbè wa yìí. Ọ̀sán jẹ́ ti iṣẹ́ àti ti ọjà. Òru ni ẹ̀kọ́ máa ń dínwó fún ọmọ mẹ̀kúnnù.

Kí ẹ má wulẹ̀ rò pé mo fẹ́ yin ayé àtijọ́. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní January 1955, abẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni Agége àti Ìkẹjà wà, wọn kì í ṣe ara ìlú Èkó. Nítorí náà, ọmọ Agége jẹ oúnjẹ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún méjì kí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó jẹ ẹ́, àwọn àgbà wa kì í sì í yéé fi yangàn. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ilẹ̀kùn ṣí, ṣùgbọ́n ìjókòó ò tó. Nígbà tó fi máa kàn wá, a ti di ara Ìpínlẹ̀ Èkó, ṣíìfù sì ti wọ ilé-ìwé gẹ́gẹ́ bó ṣe wà ní fáákítìrì: àwọn kan láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án. Ọlọ́sàn-án ni mí. Bá a bá wọlé, bẹ́ǹṣì ṣì ń gbóná lára àwọn tó dìde, tíṣà ti sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ ti há, oòrùn sì ń bọ́ sórí páànù. Gómìnà Jákáǹdè dé ní 1979, ó kọ́ ilé-ìwé kún ilẹ̀, ó fòpin sí ṣíìfù ọ̀sán. A pe àwọn kíláàsì rẹ̀ ní ilé adìyẹ. A bú wọn tán, a wọ inú wọn, a kàwé.

Báwo la ṣe kà á gan-an? Orin la fi í kọ. Táímùsì tébù, orin. Orúkọ odò àti olú-ìlú, orin. Fọ́múlà ìṣirò, orin. Bí ẹ bá jí wa lóru pé kí ni eéje lọ́nà mẹ́jọ, a ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí eéje kan ká tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò lóye, pásán ni ìdáhùn rẹ̀. Nítorí náà kò sẹ́ni tó ní òun ò lóye. A máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa pé tíṣà ayé ìgbà yẹn mọ ẹni tí kò mọ̀wé. Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí tíṣà mọ̀ ni ẹni tí kò mọ orin. Nígbà yẹn, ẹ̀yìn ìbẹ̀rù la ń fi àìmọ̀ wa pamọ́ sí. Nísinsìnyí, ẹ̀yìn fóònù ni wọ́n ń fi tiwọn pamọ́ sí.

Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba Èkó lónìí, láti 2020, tábúlẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́wọ́ tíṣà. EKOEXCEL ni wọ́n ń pe ètò náà. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ ti wà nínú rẹ̀ látòkè: ohun tí tíṣà máa sọ, ìbéèrè tó máa bi ọmọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ń ráhùn pé wọ́n ti sọ tíṣà di rédíò. Mi ò lè bá wọn sunkún tó bí wọ́n ṣe fẹ́, nítorí mo rántí ìwé nóòtù tí tíṣà wa fi ń kọ́ wa, tí etí rẹ̀ ti ká, tí ọdún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì jẹ́ ọdún tí wọ́n bí mi.

Láàárín fìtílà àti fóònù, ayé kan wà tí àwọn ọmọ wa ò mọ̀ rárá, ayé káfè. Ibẹ̀ gan-an ni àwa tá a ti ń súnmọ́ ogójì ọdún nígbà náà ti kọ́kọ́ fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì. Otigba ní Ìkẹjà, tí ẹ mọ̀ sí Computer Village, àdúgbò ilé gbígbé ni tẹ́lẹ̀. Ìparí àwọn ọdún 1990 ni àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà tó sì ń tún un ṣe gbà á mọ́ àwọn onílé lọ́wọ́, títí tí yàrá ìgbàlejò fi di ṣọ́ọ̀bù. Láti ibẹ̀ ni káfè ti tàn dé Ọ̀gbà, dé Pen Cinema, dé Dópẹ̀mú. Ẹ máa mọ̀ ọ́n nípa àwo ńlá tó dojú kọ ọ̀run lórí òrùlé. Ẹ ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, bébà tínńrín tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lára; ẹ ó tẹ nọ́ńbà náà wọlé, aago kékeré kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú yín sẹ́yìn ní igun kọ̀ǹpútà. Kò sóhun tó máa ń yára bí aago yẹn. Ojú ìwé kan á máa ṣí bí ìgbà tí wọ́n ń tú aṣọ lórí ìyàwó, láti òkè wá sísàlẹ̀, ìlà kan lẹ́ẹ̀kan. Kó tó dé àárín, owó ti tán.

Ìdí nìyẹn tá a fi ń ṣe òfánáìtì. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀, owó kan ṣoṣo. Wọ́n á ti géètì mọ́ wa nítorí olè, jẹnẹrétọ̀ á máa ké lẹ́yìn ilé, a ó sì jókòó bí èrò inú mólúè. Àwọn kan nínú wa ń wá ilé-ìwé òkèèrè. Àwọn kan ń wá bí wọ́n ṣe máa wọ yunifásítì ìta-gbangba, NOUN, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1983, tí àwọn ológun tì ní 1984, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣí ní 2002. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹni tó jókòó sápá ọ̀tún mi ń da ìwé ẹ̀kọ́ nípa irin àti iná kọ láti ojú kọ̀ǹpútà sínú ìwé àkọsílẹ̀, nítorí kò lówó ìtẹ̀wé. Ẹni tó wà lápá òsì ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí ìyá arúgbó kan ní Amẹ́ríkà. Ìka méjì-méjì ni àwọn méjèèjì fi ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú wọn ti kọ́lé alájà mẹ́ta báyìí. Ẹ má bi mí pé èwo ni.

Èmi fúnra mi, mo kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù kan fún wákàtí méjì nínú káfè kan tí mi ò ní dárúkọ. Ó kù kí n tẹ bọ́tìnnì tó gbẹ̀yìn, NEPA mú iná, jẹnẹrétọ̀ sì ní òun ò dìde. Ẹni tó ni káfè ní kì í ṣe ẹ̀bi òun, tíkẹ́ẹ̀tì mi sì ti jó tán. Mo fẹsẹ̀ rìn délé láàárín òru pẹ̀lú àwọn tó ṣíwọ́ ṣíìfù. Wọ́n bi mí pé fáákítìrì wo ni mo wà.

Lónìí kò sẹ́ni tó ń tì wá mọ́lé. Láti 2010 tí okùn ìsàlẹ̀ òkun ti MainOne àti ti Glo-1 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, káfè bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan; èyí tí wọ́n bá ṣì ń pè bẹ́ẹ̀, fọ́tò páásípọ́ọ̀tù àti ìwé títẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun. Íntánẹ́ẹ̀tì ti bá wa délé. Ṣùgbọ́n ohun tó bá gba ìsàlẹ̀ òkun wá lè gba ibẹ̀ lọ. Ní March 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní etíkun Ivory Coast. Báńkì dákẹ́, kíláàsì orí fóònù náà dákẹ́, títí a fi rántí pé bí nǹkan bá já lọ́nà Abidjan, ọmọ Agége lè má rí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ́. Ní January 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, tún fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láṣẹ láti fi owó tó tó ìdajì kún iye tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ò gbọ́ orúkọ NCC rí. Dátà ọmọ rẹ̀ ló fi mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò tún wà, ibẹ̀ sì ni àwa àgbà ti máa ń pariwo jù. A ní ọmọ ìsinsìnyí ò kàwé, pé ìdáhùn ni wọ́n ń rà lórí WhatsApp. Òótọ́ ni, wọ́n ń rà á. Ta ló kọ́ wọn? Ìdánwò WAEC tó jò ní 1977, ọdún FESTAC, òun ló sọ ọ̀rọ̀ expo di èyí tó wà lẹ́nu gbogbo wa títí dòní. Tiwa wà nínú ìbọ̀sẹ̀, tiwọn wà nínú fóònù. Ó jọ pé ìbọ̀sẹ̀ ló ṣòroó rí. Wọ́n wá ní kọ̀ǹpútà ló máa wo àrùn yìí sàn. JAMB kó gbogbo ènìyàn lọ sórí kọ̀ǹpútà ní 2015, bébà àti pẹ́ńsù sì di ohun àná. Òru sì tún wọ ọ̀rọ̀ náà: kí ọmọ lè tètè dé ibùdó ìdánwò láàárọ̀ kùtù, á ti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní 2025, àbájáde jáde, ojú pọ́n. Ọmọ tó ń gba ipò kìíní ní kíláàsì gba èyí tí kò ṣeé sọ fún bàbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, JAMB fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé wọn ò ṣe àtúnṣe tó yẹ sórí àwọn ẹ̀rọ tó ń sin Èkó àti Ìlà-Oòrùn Gúúsù. Àwọn ọmọ 379,997 ló kàn. 206,610 nínú wọn jẹ́ ti Èkó, ní ibùdó 65. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèédé, ọ̀gá àgbà JAMB, sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Mo wò ó lórí fóònù mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, nítorí mi ò rántí ìgbà kan rí tí ọ̀gá wa kankan sunkún nítorí tiwa. Ní ayé tiwa, bí máàkì yín bá sọnù, ó sọnù nìyẹn. Lẹ́tà lẹ ó máa kọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní dá yín lóhùn. Ojú ènìyàn la sá fún tá a fi lọ bá ẹ̀rọ. Ènìyàn náà ló gbàgbé láti tún ẹ̀rọ ṣe.

Ẹ rántí ìgbà kòrónà náà: nígbà tí wọ́n ní kónílé-ó-gbélé ní ìparí March 2020, gbogbo ẹnu ló ń sọ Zoom. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ní owó wà lórí Zoom lóòótọ́. Fún àwọn tó kù, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni ìjọba Èkó lọ gbé jáde. Ní 1959 tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ara ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni kó lè máa kọ́ ọmọ ilé-ìwé. Ọgọ́ta ọdún ó lé ọ̀kan la fi rìn, ká tó padà síbẹ̀.

Ti èdè wá ń kọ́? Tíṣà wa ń fi Yorùbá bú wa, ó sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá fi Yorùbá dá a lóhùn. Nígbà kan náà, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà, wọn ò sì rẹ̀yìn ju ẹgbẹ́ wọn lọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba kí wọn kú iṣẹ́, ó kọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìlànà ẹ̀kọ́ 1977, ó sì fi í síbẹ̀. Lónìí, ọmọ Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ́ "ẹ káàárọ̀" lórí Zoom ní ọjọ́ Sátidé, lọ́wọ́ tíṣà tó jókòó sí Èkó, tí wọ́n ń fi pọ́n-ùn san owó rẹ̀. Ọmọ Agége, ní tirẹ̀, ń kọ́ ìṣirò lẹ́nu ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì gba imú. Owó ìtanràn ti kúrò níbẹ̀, èyí dára. Yorùbá náà sì ti kúrò níbẹ̀.

Ọkùnrin onífìtílà yẹn, ìgbà kẹta ló tó yege GCE. Wọ́n gbé e kúrò nídìí ẹ̀rọ, wọ́n fi í ṣe akọ̀wé. Ilé-iṣẹ́ náà sì kógbá sílé lẹ́yìn náà, àti akọ̀wé àti oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Nínú àwa mẹ́fà tá a jókòó yí fìtílà rẹ̀ ká, méjì péré ló parí ìwé mẹ́wàá. Mo máa ń dárúkọ fìtílà yẹn níbi ayẹyẹ, àwọn ènìyàn á sì pàtẹ́wọ́. Mi ò kì í dárúkọ àwọn mẹ́rin yòókù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oorun dá lójú mi, mo sọ̀kalẹ̀ lọ mu omi ní bí aago mẹ́rin ààbọ̀. Ọmọ oníbúrẹ́dì wà nídìí kọ́ọ̀pù rẹ̀. Ó yọ wáyà létí.

"Ẹ kú àìsùn, sà."

"Kí lò ń kà?"

Ìdọ̀gba kúádírátíìkì ni. Ó na ìwé sí mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí wọ́n fi pín gbogbo rẹ̀ sí 2a? Ẹni yìí kàn ní ká pín in ni. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Mo mọ fọ́múlà náà dáadáa. Mo lè kọ ọ́ lórin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, gẹ́gẹ́ bá a ṣe kọ ọ́ nínú ilé adìyẹ. Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lábẹ́ èémí mi. Nígbà tí mo dé 2a, mo rí i pé kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí, mi ò sì bèèrè. Mo ní kó jẹ́ ká wò ó ní ìgbà kẹrin, ká jọ wò ó. Ó fún mi ní ẹyọ etí kan lára wáyà rẹ̀, mo fa àpótí súnmọ́ tòsí.

Aago márùn-ún lù, dátà òru pin. Fídíò náà ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.